Ìwé Mẹ́wàá Tí Kò Dé Yunifásítì: Ta Ni Ó Gbé Òṣùwọ̀n Náà Dání?

Bí èsì ìdánwò bá ti jáde lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan ni à ń gbọ́ káàkiri àdúgbò: "Ọmọ náà kò yege." Àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ kì í sọ pé máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí yunifásítì ń wá lọ́dún yẹn. Wọ́n á kàn ní ọmọ náà kò yege, bí ẹni pé gbogbo ayé rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n tí ó sì fúyẹ́. Bàbá á fajú ro, ìyá á máa yẹra fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì àwọn ọmọ 1,955,069 jáde. Àwọn tí ó lé ní 1,500,000 nínú wọn ni kò gba tó 200 nínú 400. Bí a bá fi ti ọ̀rọ̀ àdúgbò ṣe, a jẹ́ pé odindi ìlú ńlá kan ni kò yege. Kò pẹ́ sí i, nínú oṣù yẹn kan náà, àjọ náà jáde wá sọ pé àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ígbò, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ 379,997 padà wá tún ìdánwò náà ṣe. Àwọn tí bàbá wọn ti bú tán ńkọ́? Ta ni yóò kó èébú yẹn padà?

Èyí ni ó mú wa ronú pé ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí mọ ìtàn òṣùwọ̀n yìí. Òṣùwọ̀n kì í já bọ́ láti sánmà. Ọmọ ènìyàn ni ó ṣe é, ó ní ọdún tí wọ́n ṣe é, ó ní ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, wọ́n sì ti yí i padà ní ìgbà tí kò lóǹkà.

NÍGBÀ TÍ KÒ SÍ YUNIFÁSÍTÌ RÁRÁ

Ọdún 1859 ni àwọn ìjọ CMS dá ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1948 ni yunifásítì àkọ́kọ́ dé sí Ìbàdàn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó ku ọdún kan kí ó pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí ó bá jáde ìwé mẹ́wàá kò ní yunifásítì kankan tí yóò lọ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn díẹ̀ tí bàbá wọn lówó, tàbí tí ìjọ ràn lọ́wọ́, ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay ní Sàró tàbí sí Ìlú Ọba. Àwọn yòókù di akọ̀wé nílé ẹjọ́, wọ́n di òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n di tíṣà, wọ́n di akọ̀wé ní ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ẹni tí kò yege? Rárá o. Akọ̀wé kọ wúrà ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ abúlé, àwọn àgbà á kó lẹ́tà ọdún mẹ́ta jáde kí ó bá àwọn kà á. Ìdánwò tí wọ́n ṣe náà kò rọrùn. Láti nǹkan bí 1910 ni ìdánwò Cambridge ti wọ ilẹ̀ wa. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń ṣe ìbéèrè rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá, ọkọ̀ ojú omi náà ni ó sì ń gbé ìdáhùn padà lọ fún àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí ó kàwé lábẹ́ igi máńgòrò ní Abẹ́òkúta ni yóò máa dáhùn ìbéèrè lórí àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1932, tí wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní 1934, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn tí ó jáde níbẹ̀ kì í ṣe dìgírì. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n jẹ́: amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ọ̀dọ́ nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934, èyí tí ó wá di ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lórúkọ lẹ́yìn náà. Ẹ kíyè sí i: nígbà yẹn, ẹni tí ó wọlé pàápàá, wọ́n ṣì ní kò tó.

Àwa Mùsùlùmí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn débi ìdánwò rárá, nítorí ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó pọ̀ jù, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé Lásísì á wọlé, Láńsúlọ́ọ̀tì á jáde. Ẹ̀rù náà ní ìdí, a kò lè dá wọn lẹ́bi. Ọdún 1896 ni ìjọba tó dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, níbi tí wọ́n ti lè ka ìwé òyìnbó kí ẹ̀sìn wọn má sì bàjẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1923 ni ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn yunifásítì ṣí ní 1948, àwọn ọmọ wa tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò pọ̀. Wọn kì í ṣe òpè. Ọ̀nà wọn ni ó gùn.

ÀGA 104

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n kó láti Yábàá lọ sí Ìbàdàn láti fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Abẹ́ yunifásítì London ni Ìbàdàn wà nígbà náà, dìgírì London ni wọ́n ń gbà, títí di 1962 tí ó fi dá dúró. Fún odindi ọdún méjìlá, òun nìkan ni yunifásítì tí ó wà láti Sókótó dé Kàlàbá. Bí ọmọ ẹgbẹ̀rún kan bá mọ̀wé tí àga sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ni yóò padà sílé, kì í ṣe pé orí wọn kú.

Ní 1959, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Sir Eric Ashby ni alága rẹ̀, pé kí wọ́n wo iye àwọn ọ̀mọ̀wé tí Nàìjíríà yóò nílò lẹ́yìn òmìnira. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1960, wọ́n ní yunifásítì kan kò tó, wọ́n sì ní ó kéré tán kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó 7,500 nígbà tí ó bá fi máa di 1970. Nsukka ṣí ní 1960. Ifẹ̀, Èkó àti Zaria ṣí ní 1962. Láàárín ọdún méjì, yunifásítì kan di márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé láàárín ọdún méjì yẹn ni ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà di ìlọ́po márùn-ún? Ọmọ tí wọ́n dá padà ní 1959 àti àbúrò rẹ̀ tí ó wọlé ní 1962, inú ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹni tí ó kọ́ àbúrò ní ìṣirò.

ÌWÉ MÓDÀ, GRADE TWO, ÀTI ÀTÙPÀ ORÍ TÁBÌLÌ

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù lójú wa nìyí, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí àwọn tí wọ́n dá padà fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní 1955. Ilé-ìwé girama tí ó wà nílẹ̀ kò lè gba ìdá kékeré nínú wọn nígbà tí wọ́n bá parí, owó rẹ̀ sì ga ju ọwọ́ àgbẹ̀ lọ. Ìjọba bá dá ilé-ìwé módà sílẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta. Ẹni tí kò bá rí girama wọ̀, á lọ sí módà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a bá àwọn tí ó jáde módà láyé, wọ́n ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí yóò ti ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì òde òní lójú. Ẹ má bínú sí wa, òótọ́ ni.

Láti módà, ọ̀nà tóóró kan wà. Wọ́n á lọ ṣe tíṣà díẹ̀, wọ́n á wá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ láti gba Grade Three, lẹ́yìn náà Grade Two. Ẹni tí ó ní Grade Two kò tíì ní ìwé tí ó lè gbé e wọ yunifásítì. Ibẹ̀ ni GCE ti wọ ọ̀rọ̀.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ìdánwò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, wọ́n á pín èsì sí Grade One, Grade Two àti Grade Three. Ẹni tí kò bá bọ́ sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á fún un ní ìwé GCE lórí ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ó mọ̀. Àwọn kan ya ìwé yẹn. Àwọn kan tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀kan kún un lọ́dọọdún, bí ẹni tí ó ń fi búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kọ́lé. Ẹni tí kò rí ilé-ìwé girama wọ̀ rí láyé rẹ̀ pàápàá lè forúkọ sílẹ̀ fún GCE láti ilé.

Báyìí ni ó ṣe rí: tíṣà kan wà ní abúlé tí kò ní iná mànàmáná. Ó ti kọ̀wé sí Rapid Results College tàbí Wolsey Hall ní Ìlú Ọba, ó ti fi owó ránṣẹ́ láti inú owó oṣù rẹ̀. Bí póòsì bá gbé ẹ̀kọ́ dé, òru ni yóò máa kà á. Àtùpà á wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á wà nínú abọ́ omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ. Ilẹ̀ á mọ́, á tún lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó lè ṣe èyí fún ọdún mẹ́rin, kí ó tó kó iṣẹ́ márùn-ún jọ, kí ó tó lọ jókòó fún ìdánwò àṣewọlé tí yunifásítì ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé tí ó kọ́ àwọn òbí yín, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n bá ṣì wà láyé.

Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kò parí ilé-ìwé girama. Ilé ni ó jókòó sí tí ó fi gba dìgírì ìṣòwò ti yunifásítì London ní 1944, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, tí ó sì di lọ́yà ní 1946. Ẹni tí ó fún àwọn ọmọ 811,432 ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ jẹ́ ẹni tí kò rówó parí tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún mẹ́nu ba ẹnì kan tí ó jẹ́ tiwa, Alhaji Látẹ́ẹ̀fù Jákàńdè. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1929. Ó ka ìwé girama, ó jáde, ó sì bọ́ sí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní 1949. Kò gba yunifásítì kọjá. Nínú iṣẹ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, títí ó fi di ọ̀gá ní Tribune. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni ó di gómìnà Èkó. Nígbà tí ó débẹ̀, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé ní ìsọ̀rí, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí yàrá kò tó. Ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn elérò gíga fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé bùkà ni, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà jókòó nínú rẹ̀. Ní 1983, ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, LASU tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tí kò ní dìgírì ni ó ṣílẹ̀kùn dìgírì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2021.

JAMB DÉ

Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ ti fi kún yunifásítì, wọ́n di mẹ́tàlá. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ọmọ kan á gba fọ́ọ̀mù mẹ́rin, á wọlé sí mẹ́ta, á yan ọ̀kan, àga méjì á sì ṣófo tí ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó síbẹ̀ á wà nílé. Ìdí tí wọ́n fi dá JAMB sílẹ̀ ní 1978 nìyẹn: kí ẹnì kan má baà jókòó sórí àga mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ètò ni. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti wá ẹni tí ó ní làákàyè àti ẹni tí kò ní. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá lórí owó oúnjẹ, tí wọ́n ń pariwo "Ali Must Go", tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ó ṣe, wọ́n tún gbé ìpín dé. Àwọn kan á wọlé nípa máàkì wọn, àwọn kan nítorí pé yunifásítì wà ní agbègbè wọn, àwọn kan nítorí pé ìpínlẹ̀ wọn wà lára àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. A kò sọ pé kò ní ìdí. Ìlú tí ó pọ̀ tó yìí kò lè fi ẹ̀yìn apá kan sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé máàkì kan náà tí ó gbé ọmọ kan wọlé ni ó dá ọmọ mìíràn padà, ọ̀tọ̀ ni ìpínlẹ̀ bàbá wọn. Ṣé a ó wá sọ pé ọpọlọ ni ó yà wọ́n?

Àwa tí a ń kọ èyí wà lára àwọn tí ètò 6-3-3-4 bá. Ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdánwò SSCE àkọ́kọ́ sì wáyé ní 1988. Ohun tí àwọn tí wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀ ní lọ́kàn dára púpọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó di káfíńtà tí ó mọ̀wé, oníṣẹ́ iná tí ó lè ka àwòrán ilé. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú páálí àti àpótí pákó ni àwọn ẹ̀rọ náà wà tí wọ́n fi dípẹtà, nítorí kò sí iná, kò sí ẹni tí yóò kọ́ni. Gbogbo ọmọ bá tún padà dojú kọ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀kùn kan bá wà fún gbogbo ìlú, ogun ni yóò di.

Nígbà tiwa, póòsì ni èsì JAMB ń gbà dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi fóònù wò ó kí ẹ tó pa ojú dé. Nígbà náà, ọmọ lè lọ sí póòsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó mọ ibi tí ayé rẹ̀ dorí kọ, àwọn aráalé á sì ti rí i lójú rẹ̀ bí ó bá ti ń bọ̀ ní ìkóríta.

Ní 2005, àwọn yunifásítì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB. Ní 2010, wọ́n pa ìdánwò yunifásítì àti ti pólì pọ̀ sójú kan. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó yẹ kí gbogbo òbí gé kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ní 2016, máàkì tí ó kéré jù tí wọ́n fi lè gba ọmọ sí yunifásítì ni 180. Ní 2017, wọ́n ní 120. Ní 2025, wọ́n ní 150. Lóòótọ́, yunifásítì kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ di dókítà kò gbọdọ̀ fi ojú sí 150. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí ó gba 170. Ní 2016, ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Ní ọdún kejì, pẹ̀lú 170 yìí kan náà, ó ti fi 50 kọjá ìlà. Ọmọ náà kò yí padà. Ìlà ni wọ́n fà síbòmíràn.

Nítorí pé àwọn òbí kò mọ èyí ni àwọn oníṣẹ́ ibi fi rí ọjà tà. Wọ́n ní ibùdó iṣẹ́ ìyanu, níbi tí wọ́n á ti gba owó lọ́wọ́ bàbá kí wọ́n lè kọ ìdánwò fún ọmọ. Bàbá tí yóò kírun ní ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò lọ san owó yìí ní Sátidé. A ti rí i, a kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé, ìgbà tí wọ́n bá gbé ìwé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọdún kìíní ni ojú rẹ̀ máa ń là.

ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-KÉWÚ

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ kì í sábà fọwọ́ bà, ó sì kan àwa gan-an. Ọmọ wà tí kò ní ìwé mẹ́wàá rárá, ṣùgbọ́n tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí Alùkùránì, nahawu àti fíkìhì. Lójú JAMB, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní 1952 ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Kíláàsì ni ó fi kọ́ni, ó lo pátákó ìkọ̀wé, ó fi àkókò sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí náà níyì ní Káírò, ó níyì ní Madinah láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1961. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà rin ìrìn wákàtí méjì láti Agége dé Ìbàdàn, wọ́n á ní kí ó mú kírẹ́dì Gẹ̀ẹ́sì wá. Ó rọrùn fún ọmọ Agége láti wọ yunifásítì ní ilẹ̀ Lárúbáwá ju ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ.

Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ohun kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Ìsìláámù níbẹ̀ ṣí ètò ìwé ẹ̀rí kékeré kan sílẹ̀, tí ọmọ ilé-kéwú lè bá wọlé, kí ó fi ìmọ̀ rẹ̀ hàn, kí ó sì fi ìwé ẹ̀rí náà ṣe àtẹ̀gùn lọ sí dìgírì. Àtẹ̀gùn náà kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó gùn ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ sí Markaz ní Agége láti 1969 di 1973. Ní 1976, ó wà nídìí ìwé ẹ̀rí Lárúbáwá yẹn ní Ìbàdàn. Ó ti ibẹ̀ lọ sí yunifásítì Ìlọrin, ó gba dìgírì nínú èdè Lárúbáwá ní 1981. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di gíwá yunifásítì náà ní 2007. Ní 2016, ìjọba fi í ṣe ọ̀gá àgbà àjọ JAMB. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé ni à ń sọ. Òun náà ni ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 láti bẹ Nàìjíríà lórí àwọn ọmọ 379,997 yẹn, tí omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ ni wọ́n sọ lọ́jọ́ náà. Ní tiwa, a rántí pé ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá yìí, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó gbà wọlé.

Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ gbé àjọ NBAIS kalẹ̀ fún ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláámù. Ọ̀nà fẹ̀ sí i. Àwọn ọ̀nà mìíràn náà wà tí a kì í sọ fún àwọn ọmọ. Láti 1962 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àgbà ti ń fúnni ní NCE, ẹni tí ó bá sì ní NCE tó dára lè wọ yunifásítì láti ọdún kejì. Pólì ń fúnni ní ND tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. IJMB ti wà ní Zaria láti àwọn ọdún 1970. Yunifásítì tí a ń jókòó sílé kà, ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n sì tún un ṣí ní 2002. Kírẹ́dì márùn-ún ni ó ń béèrè, kò béèrè JAMB. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti sọ lọ́kọ ní ọdún tí máàkì rẹ̀ kò tó ni ó ti gba ibẹ̀ parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń dá àwọn ọmọ ilé-kéwú wa dúró jù lọ ni ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ́ ọ tipátipá. Ìṣirò ni òkè wọn. A mọ àwọn tí ó ní kírẹ́dì nínú Lárúbáwá, Ìsìláámù, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba, tí wọ́n fẹ́ lọ ka Lárúbáwá ní yunifásítì, tí wọ́n sì ń padà lọ jókòó fún ìṣirò ní ọdún kẹrin, ní ọdún karùn-ún. Àwọn kan ti ti ibẹ̀ gun ọ̀kadà, wọn kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ tí ó bá fẹ́ ka iṣẹ́ bí èdè, ìtàn àti ẹ̀sìn ní yunifásítì kò tún nílò kírẹ́dì ìṣirò mọ́ kí wọ́n tó gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣì jókòó fún ìṣirò náà nílé-ìwé. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn mẹ́ta wá sí ilé-kéwú wa láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn ti bí ọmọ méjì. Ó ní inú àpótí ìyá òun ni èsì òun wà láti 2019, òun yóò lọ wò ó bóyá eku kò tíì jẹ ẹ́.